Èjìká ńlá àwọn ọdún 1980: ta ló dá àrà yẹn?

Àlùmọ́gàjíWúrà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Láti ọjọ́ mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn.

Oníbàárà mi kan tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó réjísìrì gbé kóòtù màmá rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ọdún 1987 ni màmá náà rà á, òun ló wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí obì àbàtà. Ọmọ náà ní irú ẹ̀ gan-an lòun fẹ́, ṣùgbọ́n kí n fi aṣọ funfun rán an, pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì tó máa bá a lọ.

Ó ti pé ọdún 19 tí mo ti gba fúrídọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mi ò tíì tú irú kóòtù yìí rí. Mo fi bíléèdì tú láínìn ní èjìká ọ̀tún, mi ò tíì fọwọ́ kan tòsì. Páàdì tí mo bá níbẹ̀ nípọn tó ìka méjì. Kì í ṣe fóòmù kan ṣoṣo bí èyí tí à ń rà lọ́jà. Òwú ni wọ́n tẹ́ léra ní ìpele mẹ́rin, wọ́n fi ọwọ́ gán an mọ́ra, ìpele kọ̀ọ̀kan kéré ju èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ṣe ló ń fẹ́lẹ́ bọ̀ síbi ọrùn. Wọ́n tún ki aṣọ gbọọrọ kan sí orí apá, níbi tí apá ti so mọ́ èjìká, kí apá má baà wó lulẹ̀. Nígbà tí mo wọ̀ ọ́ níwájú dígí, ìbàdí mi kéré. Ẹ gbà mí gbọ́, èjìká ló mú ìbàdí kéré.

Àwọn ọmọṣẹ́ mi mẹ́rin dúró tì mí, wọ́n ń bi mí pé ta ló kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀. Mi ò rí èsì fún wọn, ó sì dùn mí. Mo mọ orúkọ Armani lára àmì ẹ̀yìn ọrùn aṣọ, mi ò mọ ohun tó ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn aṣọ ìgbà náà, àwọn wo ló dá àrà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó orúkọ jọ fún mi lásán. Ẹ sọ ohun tí wọ́n fi àlùmọ́gàjí ṣe.

Arìnrìnàjò_Peckham

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá aránṣọ. Lọ́ńdọ̀nù níbí ni mo ti kọ́ṣẹ́ aṣọ, ìbéèrè yín sì dùn mọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn díẹ̀. Páàdì èjìká ti wà kí ọdún 1980 tó dé. Láti nǹkan bí 1932 ni Adrian, tó ń ránṣọ fún àwọn òṣèré ní Hollywood, ti ń fi èjìká ńlá dá Joan Crawford lọ́lá. Elsa Schiaparelli náà ń ṣe é ní Paris. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó gbòde kan. Ìgbà tó di 1947 ni Christian Dior mú èjìká rọ̀, tó fẹ síkẹ́ẹ̀tì, páàdì bá wọ yàrá lọ sùn.

Àwọn tó lọ jí i ní ìparí àwọn ọdún 1970 ni Thierry Mugler àti Claude Montana, ní Paris. Oníjó bálẹ́ẹ̀tì ni Mugler ní Strasbourg nígbà èwe rẹ̀, ojú oníjó ló sì fi ń wo ara èèyàn: èjìká á fẹ̀, ìbàdí á fún, ìdí á tún yọ. Ẹ gbé e yẹ̀ wò bí igun mẹ́ta tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò. Montana ní tirẹ̀, awọ ló ń fi ṣe é, èjìká tirẹ̀ sì lè fẹ̀ débi pé ojú ọ̀nà á kéré fún ẹni tó wọ̀ ọ́. Ní 1984, Mugler kó àfihàn aṣọ rẹ̀ lọ sí gbọ̀ngàn Zénith, ó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún ará ìlú. Nǹkan bí 6,000 èèyàn ló jókòó wò ó. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn oníṣòwò àti àwọn oníròyìn nìkan ni irú àfihàn bẹ́ẹ̀ wà fún.

Armani, ọ̀nà mìíràn ló gbà. Ó ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Nino Cerruti kí òun àti Sergio Galeotti tó dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní Milan ní 1975. Kóòtù ọkùnrin ló kọ́kọ́ mú, ó yọ láínìn, ó yọ gbogbo ohun líle tí wọ́n ń kì sí àyà rẹ̀, ó sọ bọ́tìnnì kalẹ̀. Kóòtù wá ń rọ̀ sára bíi ṣẹ́ẹ̀tì. Richard Gere wọ̀ ọ́ nínú fíìmù American Gigolo ní 1980, gbogbo ayé rí i. Ó tún gbé kóòtù kan náà fún àwọn obìnrin tó ń lọ sí ọ́fíìsì, ó jẹ́ kí èjìká fẹ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí àyà rọ̀. Ọmọ ọdún 91 ni nígbà tó papò dà ní oṣù Kẹsàn-án 2025.

Ẹ fọwọ́ tẹ iwájú kóòtù yẹn wò. Tí iwájú bá rọ̀ tí èjìká sì le, ọ̀nà Milan ni aránṣọ yẹn ń tọ̀. Tí gbogbo rẹ̀ bá le gírígírí, Paris ni.

Àlùmọ́gàjíWúrà

Mo ti tẹ̀ ẹ́ wò. Iwájú rọ̀. Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n.

MàmáMárínà

Ẹ̀yin ọmọ mi, èmi wọ̀ ọ́.

Ní 1986, mo ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Márínà, l'Ékòó. Obìnrin mẹ́ta péré ni wá nínú yàrá ìpàdé tí ọkùnrin tó mọ́kànlá wà. Ẹ máa rò pé aṣọ lásán ni. Tí mo bá wọ kóòtù yẹn, mi ò lè tẹ̀, aṣọ náà kò gbà fún mi. Mo máa ń jókòó ṣánṣán, tí mo bá sì sọ̀rọ̀, wọ́n á wojú mi.

Kì í ṣe kóòtù nìkan o. Bùláòsì ní páàdì, gáùn ní páàdì, kódà súwẹ́tà ní páàdì. Tí èèyàn bá wọ bùláòsì sábẹ́ kóòtù, páàdì méjì ló gùn léra yẹn. A máa ń ra páàdì ní méjì-méjì lọ́jà Balógun, a ó fi pín-ìnnì so ó mọ́ aṣọ, tó bá di ọjọ́ kejì a ó yọ ọ́ sí aṣọ mìíràn.

Ọmọ mi aránṣọ, ìmọ̀ràn kan ni mo ní. Má fi fóòmù ọjà sí aṣọ ìyàwó yẹn. Mo tọ́jú páàdì tèmi méjì sínú àpótí láti ìgbà náà. Nígbà tí mo ṣí i lọ́dún tó kọjá, ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú ló dà sí mi lọ́wọ́. Àpò aṣọ tó bò ó nìkan ló kù. Òwú ni kó o lò, bí ẹni yẹn ṣe ṣe é.

ỌmọAláṣọÒkè

Ẹ kú ìrántí, Mà. Ìbéèrè kejì nínú ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ mí lógún: báwo ni aṣọ Paris àti Milan ṣe dé ọ̀dọ̀ wa?

Apá kan dé nípasẹ̀ àwọn tó lọ sókè òkun tí wọ́n bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sówó wa. Ní 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ. Ìjọba mú ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP wá ní 1986, nígbà tó sì fi máa di 1987, náírà mẹ́rin ló ń lọ fún dọ́là kan. Ta ló tún fẹ́ ra kóòtù tuntun láti Lọ́ńdọ̀nù? Òkìrìkà ló gbé èjìká ńlá wọ inú ilé ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n á tú bélì sílẹ̀, kóòtù tí obìnrin kan wọ̀ ní Jámánì tàbí Amẹ́ríkà lọ́dún méjì sẹ́yìn á jáde, télọ̀ àdúgbò á dín in, á fẹ̀ ẹ́, á sì ti ibẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán an. Ọ̀gá aránṣọ, ẹ bi màmá yẹn bóyá tuntun ló rà á.

Nílé níbí, ìró àti bùbá kò kúrò lára wa. Ohun tó yí padà ni apá. Apá bùláòsì tí wọ́n ń wọ̀ pẹ̀lú ìró bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó ń ga lọ sí etí. Aṣọ òkè náà yí padà. Ìdílé aláṣọ òkè ni wọ́n bí mi sí ní Ìsẹ́yìn, mo sì rántí òwú dídán tí wọ́n ń hun mọ́ ọn, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní ṣáìn-ṣáìn. Bàbá mi kò fẹ́ràn òwú yẹn, ó ní ó máa ń já lójú òfì. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ìyá ìyàwó ń béèrè nìyẹn, torí náà ló ṣe hun ún.

Ẹ má sì jẹ́ kí a gbàgbé àwọn tiwa. Shade Thomas-Fahm ti la ọ̀nà sílẹ̀ láti 1960, ó ti fi sípù sí ìró, ó ti ṣe gèlè alásọdé tí èèyàn kàn máa dé sórí. Ní àárín àwọn ọdún 1980, Folorunsho Alakija fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀, ó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó bọ̀ wá dá Supreme Stitches sílẹ̀ l'Ékòó. Ọ̀rọ̀ owó epo rẹ̀ làwọn èèyàn mọ̀ lónìí, ṣùgbọ́n ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló ti kọ́kọ́ gbayì.

Ìdòwú_ọ̀dọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ṣé òótọ́ ni pé Sade Adu, olórin yẹn, kọ́ iṣẹ́ aṣọ?

Arìnrìnàjò_Peckham

Òótọ́ ni, àbúrò. Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí ní 1959, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni bàbá rẹ̀, Òyìnbó ni ìyá rẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ aṣọ ní Saint Martin's, Lọ́ńdọ̀nù, ilé ẹ̀kọ́ kan náà tí Shade Thomas-Fahm lọ ṣáájú rẹ̀. Orin ló wá gbà á.

Ohun tó wù mí lára rẹ̀ ni pé nígbà tí gbogbo èèyàn ń ki nǹkan mọ́ra, òun ń yọ ọ́ kúrò. Nígbà tí àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1984, irun ńlá ló gbòde. Òun fa tirẹ̀ sẹ́yìn pátápátá, ó so ó mọ́lẹ̀, ó fi yẹtí róbótó ńlá sétí, ó kun ètè pupa, ó wọ ṣòkòtò bíi ti ọkùnrin. Ní 1985 tó kọrin níbi eré orin Live Aid ní Wembley, aṣọ funfun tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ló wọ̀. Kò sí páàdì kankan. Ojú ẹni tó ti gé aṣọ rí ló fi ń wo ara rẹ̀, mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn.

Abẹ́rẹ́Kan

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ látòkè, mo ní láti takò yín díẹ̀. Ẹ ń sọ̀rọ̀ Mugler àti Armani bí ẹni pé àwọn ló ni àwọn ọdún yẹn. Lójú tèmi, ẹni tó mọ iṣẹ́ jù nínú gbogbo wọn ni Azzedine Alaïa, ọmọ Áfíríkà sì ni. Tunis ni wọ́n bí i sí. Iṣẹ́ ère ló kọ́ nílé ẹ̀kọ́, ó ń bá obìnrin aránṣọ kan ṣẹ́tí aṣọ kó lè rí owó ilé ẹ̀kọ́ san. Ó dé Paris ní 1957. Ó lé ní ogún ọdún tó fi ń ránṣọ fún àwọn oníbàárà nínú ilé rẹ̀ láìpariwo. Ìgbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ló tó gbé aṣọ jáde lórúkọ ara rẹ̀ fún ìsọ̀.

Fúnra rẹ̀ ló ń gé, fúnra rẹ̀ ló ń gán, títí di òru. Tí aṣọ kò bá tíì pé lójú rẹ̀, kò ní gbé e jáde. Àwọn yòókù á ti ṣe àfihàn tiwọn lásìkò tí Paris dá, òun á ní kí wọ́n dúró de òun. Ní 1985 tí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn méjì níbi ayẹyẹ Oscars de la Mode, Grace Jones, olórin, ló gbé e lọ́wọ́ bí ọmọ kékeré lọ sórí pèpéle. Ẹni kúkúrú ni, aṣọ dúdú oníbọ́tìnnì àwọn ará Ṣáínà ló máa ń wọ̀ lójoojúmọ́.

Páàdì máa ń dá ara tuntun fún èèyàn. Alaïa ní tirẹ̀, ara tí obìnrin ní náà ló bá ṣiṣẹ́.

Àlùmọ́gàjíWúrà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé fún mi bó ṣe ṣe é. Tí mo bá fẹ́ kí gáùn gbá ara mú, dáàtì, ibi tí à ń ká aṣọ pọ̀ tí à ń rán an wọlé, ni mo mọ̀: méjì níwájú, méjì lẹ́yìn.

Abẹ́rẹ́Kan

Kò gbẹ́kẹ̀ lé dáàtì. Ojú ìránpọ̀ ló ń lò. Dípò kó fi ojú ìránpọ̀ méjì sí ẹ̀gbẹ́ bí gbogbo wa ṣe ń ṣe, ó lè gé gáùn kan sí ọ̀pọ̀ ègé tẹ́ẹ́rẹ́, kí ojú ìránpọ̀ kọ̀ọ̀kan tẹ̀ kọrọdọ gba abẹ́ ọyàn, gba ìbàdí, yí lọ sẹ́yìn. Gbogbo ibi tí ẹ ó ti fi dáàtì gbà á wọlé, ojú ìránpọ̀ yẹn ti gbà á wọlé níbẹ̀. Ó sì fẹ́ràn aṣọ híhun tó ń fà. Gáùn rẹ̀ kan wà tí sípù yí ara ká bí okùn tó lọ́ mọ́ igi, bẹ́ẹ̀ sípù yẹn ni ojú ìránpọ̀ gáùn náà.

Ẹ mú teru tí kò lówó lórí, ẹ wé e mọ́ ọmọ tó ń dúró fún aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan láti èjìká ọ̀tún títí dé ìdí òsì, kó gba orí ọyàn. Ẹ wá gé e lójú ìlà yẹn, ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ẹ ó rí i pé ojú méjèèjì kò bára mu mọ́, ọ̀kan yọ, ọ̀kan kò. Dáàtì yín ti wà níbẹ̀.

Àlùmọ́gàjíWúrà

Mo ń ṣe é lọ́la. Ẹ ṣé o, Olúwa á fún yín ní ẹ̀mí gígùn.

ỌmọHarlem

Ẹ jẹ́ kí n mú tiwa wá láti New York. Ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń wọ̀ lónìí, ojú pópó 125 ní Harlem ló ti wá. Dapper Dan ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ síbẹ̀ ní 1982, tọ̀sán-tòru ló wà ní ṣíṣí. Ó kọ́kọ́ ń ta aṣọ onírun. Nígbà tó rí i pé àwọn oníbàárà rẹ̀ ń fẹ́ àmì Gucci àti Louis Vuitton, ó lọ ra àpò ìkáṣọ wọn, ó gé e, ó fi ṣe ọ̀ṣọ́ sára kóòtù. Àpò kò tó, ó bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ àmì sórí awọ fúnra rẹ̀, odidi kóòtù, odidi ìjókòó mọ́tò. LL Cool J wọ̀ ọ́, Mike Tyson wọ̀ ọ́, Eric B. àti Rakim wọ̀ ọ́. Àwọn télọ̀ ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà ló ń rán an fún un, ẹ ò ní rí orúkọ wọn níbikíbi.

Ìlú kan náà ni Willi Smith wà. Ó dá WilliWear sílẹ̀ ní 1976 pẹ̀lú Laurie Mallet. Aṣọ fífẹ̀ ló ń ṣe, tí owó rẹ̀ kò wọ́n, ó ní fún ẹni tó ń rìn lójú títì ni. Ó kú ní 1987 lọ́mọ ọdún 39, àrùn éèdì. Tí ẹ bá ń wo àwọn ọdún yẹn, ẹ máa rí ikú yẹn lọ́tùn-ún lósì. 

Òtítọ́Korò

Mo bọ̀wọ̀ fún ọwọ́ Dapper Dan, ṣùgbọ́n àmì ẹlòmíràn ló lò. Èmi náà ní ọnà aṣọ tí mo ya, ẹnìkan lọ tẹ̀ ẹ́ sórí àǹkárá láìbi mí, mi ò jèrè kọ́bọ̀ kan. Mi ò lè pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní àrà.

ỌmọHarlem

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìrora yín yé mi. Àwọn tó ni àmì náà bínú lóòótọ́, agbẹjọ́rò wọn dé, ṣọ́ọ̀bù sì kógbá sílé ní 1992. Mi ò ní sọ pé wọn ò lẹ́tọ̀ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì. Ní 1989, ó rán kóòtù kan fún Diane Dixon, eléré ìje Òlíńpíìkì: irun ẹranko ni ara rẹ̀, apá rẹ̀ wú bí bàlúù, àmì Louis Vuitton kún apá yẹn. Nígbà tó di 2017, Gucci gbé kóòtù jáde ní ìlú Florence: ara onírun, apá wíwú kan náà, àmì tiwọn ni wọ́n fi rọ́pò. Diane Dixon fúnra rẹ̀ gbé àwòrán méjèèjì sórí ayélujára, ariwo sì ta. Gucci wá bá Dapper Dan ṣiṣẹ́ pọ̀, wọ́n sì ṣí ilé ìránṣọ fún un ní Harlem. Àmì lè jẹ́ tiwọn. Apá yẹn, bí wọ́n ṣe gé e, bí ó ṣe wú, tirẹ̀ ni. Ohun tí èmi ń pè ní àrà nìyẹn.

Òtítọ́Korò

Ní ti apá, mo gbà fún yín. Ní ti àmì, mi ò tíì gbà.

Bọ́tìnnìMẹ́ta

Ẹ ò tíì dárúkọ Patrick Kelly, ọkàn mi kò sì ní balẹ̀ tí mi ò bá dárúkọ rẹ̀.

Vicksburg ní Mississippi ni wọ́n bí i sí ní 1954. Ìyá rẹ̀ àgbà ń se oúnjẹ nílé àwọn Òyìnbó, ó sì máa ń mú ìwé ìròyìn aṣọ bọ̀ wálé láti ibẹ̀. Ọmọ náà bi í pé kí ló dé tí kò sí obìnrin dúdú nínú ìwé yìí. Ìyá àgbà ní kò sẹ́ni tó ráyè ṣe aṣọ fún wọn. Ó ní látìgbà náà lòun ti mọ ohun tí òun máa fi ayé òun ṣe.

Ìyá àgbà yìí kan náà ló kọ́ ọ ní bọ́tìnnì láìmọ̀. Tí bọ́tìnnì ẹ̀wù ọmọ náà bá já, kò ní rí èyí tó bá yòókù mu, á fi èyí tó bá rí dí i, pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun, ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kékeré. Tó bá wá rí i pé ó hàn jù, á tún fi bọ́tìnnì mìíràn kún un káàkiri, kó lè dà bí ọ̀ṣọ́. Ẹ wo gáùn Patrick Kelly: aṣọ dúdú tó ń fà, tó gbá ara mú, bọ́tìnnì aláwọ̀ oríṣiríṣi sì kún un láti àyà dé ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ ìyá àgbà ni.

Nígbà tó dé Paris, ojú títì ló ti kọ́kọ́ ń tajà. Ní 1985, ìwé ìròyìn Elle fún un ní ojú ewé, ọ̀nà là. Ní 1988, wọ́n gbà á wọ ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ Paris, òun sì ni ọmọ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà síbẹ̀. Oferọ́ọ̀lù jíínsì ló máa ń wọ̀ káàkiri, ó máa ń fún àwọn èèyàn ní bèbí dúdú kékeré kan tó ní pín-ìnnì, kí wọ́n fi sáyà. Ọjọ́ kìíní ọdún 1990 ló kú, éèdì bákan náà, ọmọ ọdún 35. Ibojì rẹ̀ wà ní itẹ́ òkú Père Lachaise ní Paris, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí ohun tí kò ṣeé ṣe.

Mo máa ń fi ìtàn yìí sọ fún gbogbo ọmọṣẹ́ tó bá wá bá mi.

MàmáMárínà

Omi bọ́ lójú mi. Ìyá tèmi náà máa ń dí bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀.

Arìnrìnàjò_Peckham

Tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìyá, ẹ jẹ́ kí n fi Yohji Yamamoto kún un. Ogun pa bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ń ránṣọ ní Tokyo láti fi tọ́ ọ. Ó kàwé lọ́yà tán, kò ṣe é, ó padà lọ bá ìyá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ní 1981, òun àti Rei Kawakubo, obìnrin aránṣọ ọmọ Japan bíi tirẹ̀, gbé aṣọ wọn wá sí Paris: dúdú, fífẹ̀, etí tí kò dọ́gba, kò sí èjìká ńlá, kò sí ìbàdí fífún. Àwọn oníròyìn kan bú wọn. Kawakubo ṣe súwẹ́tà kan tó kún fún ihò ní 1982. Ohun tó ṣe ni pé ó ní kí wọ́n tú ìdè díẹ̀ lára ẹ̀rọ tó ń hun ún, kí ẹ̀rọ má lè hun ún dọ́gba. Léèsì ló pè é.

ỌmọAláṣọÒkè

Ìyẹn mú mi rántí Chris Seydou, ọmọ Mali. Kati ni wọ́n bí i sí, Paris ló ti gba orúkọ. Ó mú bogolan, aṣọ tí wọ́n fi ẹrẹ̀ kùn ní ìlú rẹ̀, ó fi rán síkẹ́ẹ̀tì kékeré àti kóòtù tó gbá ara mú. Lákọ̀ọ́kọ́, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ láti gé e, nítorí pé ọnà kọ̀ọ̀kan tó wà lójú aṣọ náà ló ní ìtumọ̀. Ohun tí bàbá mi sọ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé àlùmọ́gàjí lé aṣọ òkè níwájú rẹ̀ nìyẹn. Ó dìde, ó jáde síta, ó sì padà wọlé nígbà tí wọ́n gé e tán.

LéèsìÀtijọ́

Apá wíwú ni kí n sọ tèmi lé. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje 1981 tí Diana fẹ́ Charles, ọmọ ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David àti Elizabeth Emanuel ló rán gáùn rẹ̀. Ìrù gáùn náà gùn tó mítà méje ààbọ̀, apá rẹ̀ wú bí ìgbòkun tí atẹ́gùn fẹ́ sínú. Táfẹ́tà ni, ó sì rún nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin, gbogbo ayé rí i bó ṣe rún nígbà tó sọ̀kalẹ̀. Kò dí ìyàwó kankan lọ́wọ́. Lọ́dún méjì lẹ́yìn náà, tí ìyá mi ṣe ìgbéyàwó ní Òṣogbo, apá yẹn ló ní kí wọ́n rán fún òun.

Aránṣọ àdúgbò wa kò ní nẹ́ẹ̀tì líle. Ó kó bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa ń wà nínú páálí bàtà, ó rún un, ó kì í sínú apá méjèèjì. Ìyá mi ní nígbà tí òun gbé ọwọ́ sókè níwájú pásítọ̀, bébà ń dún nínú apá òun, òun sì ń bẹ̀rù pé gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń gbọ́. Gáùn náà ṣì wà. Bébà ṣì wà nínú apá ọ̀tún.

Àlùmọ́gàjíWúrà

Ẹ̀yin ará mi, mo padà dé. Ẹ má bínú pé ó pẹ́.

Mo ṣe ti teru tí ẹ ní kí n ṣe, Abẹ́rẹ́Kan. Ọmọṣẹ́ mi kékeré ló kọ́kọ́ rí i pé ojú méjèèjì kò bára mu, ó pariwo. Mo fi ṣe síkẹ́ẹ̀tì ìyàwó: ègé mẹ́fà, kò sí dáàtì kan.

Kóòtù ti parí. Òwú ni mo lò, Mà, ìpele mẹ́rin, mo fi ọwọ́ gán an bí mo ṣe bá a. Ìyàwó wá wọ̀ ọ́ wò lánàá pẹ̀lú màmá rẹ̀. Apá ọ̀tún jókòó dáadáa. Apá òsì ń ṣubú díẹ̀. Mo yẹ ìránpọ̀ wò, kò sí àṣìṣe. Mo wá wo ara ọmọ náà, mo rí i pé èjìká òsì rẹ̀ rẹlẹ̀ ju tọ̀tún lọ. Màmá rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, bí tòun náà ṣe rí nìyẹn.

Mo lọ gbé kóòtù ti 1987, mo tú èjìká òsì tí mi ò fọwọ́ kàn láti ọjọ́ yìí. Ìpele márùn-ún ló wà níbẹ̀. Òwú ìpele karùn-ún yàtọ̀ sí ti mẹ́rin yòókù, ó funfun jù ú lọ, okùn tí wọ́n fi gán an náà yàtọ̀. Mo bi màmá bóyá tuntun ló rà á, bí ỌmọAláṣọÒkè ṣe ní kí n bi í. Ó ní rárá, òkìrìkà ni, inú bélì ló ti yọ ọ́ ní Ìbàdàn, ó sì gbé e lọ fún télọ̀ kan ní Mọ́kọ́lá pé kó bá òun dín in. Kò sọ fún télọ̀ náà pé èjìká òun kan rẹlẹ̀. Kò tíì mọ̀ nígbà náà.